Ìrìn-àjò Wa sí Ṣómólú àti Bárígà, àti Ohun tí Ọkọ̀ tí ń Kọsẹ̀ Kọ́ Wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìrìn-àjò kò yẹ ní ríròyìn bí kò bá ṣe pé ẹni tí ó rìn ín gba orí omi òkun kọjá, tàbí pé ó sùn ní ìlú àjèjì. Èyí tí a fẹ́ sọ lónìí kò jìnnà rárá. Láti ojú títì Ìkòròdú ní Onípanu títí dé etí ọ̀sà ní Bárígà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè fi ẹsẹ̀ rìn ín ní àárọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ni ó gbà wá, nítorí ọkọ̀ wa ṣàìsàn ní ojú ọ̀nà; ohun tí a sì rí kọ́ nínú àìsàn náà ni ó mú wa gbé kálàmù.

Iṣẹ́ tí ó gbé wa jáde kò ju pé kí a tẹ ìwé ètò ìsìn ìkórè ti ìjọ wa. Ẹni tí ó bá ń wá ẹni tí yóò bá a tẹ ìwé ní Èkó, Ṣómólú ni wọn yóò júwe fún un. Láti ìdí Bàjùláyè wọ àwọn òpópónà tí ó yí i ká, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún nínú ilé bí ìgbà tí àwọn obìnrin ń gún iyán ní ọjọ́ ọdún. Ní ojúlé kan wọ́n ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ní ojúlé kejì wọ́n ń tẹ ìwé ìsìnkú, ní ẹ̀kẹta kàlẹ́ńdà àti ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹlòmíràn kò ní ẹ̀rọ kankan. Gígé ìwé nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀, tàbí dídì í, tàbí gbígbé e lé orí láti ojúlé dé ojúlé. Bí a bá rántí pé ní ọdún 1859 ni Alàgbà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá, a ó rí i pé irúgbìn kékeré ti di igbó ńlá.

Ọkọ̀ tí a gùn jẹ́ Peugeot 504, èyí tí àwa àgbà ń pè ní Pẹ́jò. Àwọn ọ̀dọ́ lè máà mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ní ìgbà kan òun ni ọkọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́, òun ni ọkọ̀ dókítà, òun náà sì ni ọkọ̀ èrò tí ń sáré láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1968. Láti 1975 ni wọ́n sì ti ń tò ó pọ̀ ní Kàdúná, ní ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Volkswagen, tí a ń pè ní Ìjàpá, ní Ọ̀jọ́ níhìn-ín ní Èkó. Wọn kò ṣe 504 mọ́. Àwọn tí ó kù ń rìn nípa àánú Ọlọ́run àti ọgbọ́n mẹkáníìkì.

Bí a ti ń ya kúrò ní ojú títì Ìkòròdú ni tiwa bẹ̀rẹ̀ sí kọsẹ̀. Ohùn rẹ̀ tí ó máa ń já geere yí padà. Ó ń lù ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ń fo ẹ̀ẹ̀kẹrin. Gbogbo ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, kò sáré. Òórùn epo tí kò jó sì ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é: wọ́n ní ẹ́ńjìnnì náà ń míìsì.

Mẹkáníìkì kan tí ó wà nítòsí, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, fi etí sí i fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè mu ife omi kan tán. Ó mi orí. Ó ní ríǹgì ti jẹ tán nínú ẹ́ńjìnnì, àfi kí a sọ ọ́ kalẹ̀ kí a sì tú u palẹ̀. Owó rẹ̀ yóò jẹ́ 300,000 náírà, èyíinì ni ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Owó náà wà nílé. Bí kò bá sí nílé ni, ọkàn wa ìbá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ti kó o jọ díẹ̀díẹ̀ fún ọmọ wa obìnrin tí yunifásítì ti gbà wọlé, ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni wọn yóò sì dẹ́kun gbígba owó. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ yìí ni a fi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ kéékèèké mẹ́ta tí a ń bójú tó, òun ni a sì fi ń gbé ìyá wa arúgbó lọ gba oògùn. A dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, a kò mọ èyí tí a ó fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àti ọmọ. A ti mú fóònù lọ́wọ́ láti pe ìyá àwọn ọmọ wa pé kí ó gbé owó náà wá.

Obìnrin tí ń bá wa tẹ ìwé ni ó dá wa dúró. Ó ti jáde sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí ó gbọ́ ariwo ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì wí pé, “Bàbá Kátíkíìsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹ̀rọ mi bá ń tẹ ojú-ìwé mẹ́ta ní mímọ́, tí ó sì ń ba ẹ̀kẹrin jẹ́, n kì í tú gbogbo ẹ̀rọ palẹ̀. Ibi tí ó ti ń bà á jẹ́ ni mo máa ń wá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.” Ó wá júwe bàbá kan fún wa ní Bárígà, ẹni tí ó ti ń tún Pẹ́jò ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wọ́ ọkọ̀ wa, tí ń gbọ̀n, láti Ṣómólú lọ sí Bárígà. Àwọn méjèèjì dà bí ọmọ ìyá tí wọ́n ń gbé yàrá kan náà. Ní 2003 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yọ ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè Bárígà jáde láti inú ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, ṣùgbọ́n àlejò kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ohun tí ó yí padà ni ohùn àdúgbò: ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń rọlẹ̀, ariwo ọjà àti ti kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gòkè. Ní Bárígà ni Ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà ti CMS wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní erékùṣù Èkó ní 1859, ọdún kan náà pẹ̀lú Ìwé Ìròhìn. Olórí rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Alàgbà T. B. Macaulay, tí í ṣe àna Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti bàbá Herbert Macaulay. Ní apá kejì ni Àkókà wà, níbi tí Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, wà. Bí ènìyàn bá sì tẹ̀síwájú títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, yóò rí ọkọ̀ ojú omi tí a so mọ́ òpó, yóò gbóòórùn ẹja tí wọ́n ń yan, yóò sì rí afárá gígùn tí a ń pè ní Third Mainland, tí a ṣí ní 1990, tí ó nà lórí ọ̀sà bí ejò tí ń yáàrùn.

Abẹ́ igi fúrúùtù kan ni a ti bá bàbá náà. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wà lábẹ́ ọkọ̀. A kí i, ó kí wa, ó ní kí a jókòó sórí bẹ́ńṣì. A rò pé yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án. Ìbéèrè ni ó ń bi wá. “Ọjọ́ wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ṣé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni, tàbí nígbà tí ó bá gbóná? Ṣé ó ń ṣe é bí ó bá dúró, àbí bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nìkan? Níbo ni ẹ ti ra epo gbẹ̀yìn?” A mọ ìdí tí ó fi béèrè epo. Ní oṣù Kejì 2022, epo tí kẹ́míkà mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ilẹ̀ wa láti òkèèrè, ó sì ba ọkọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn jẹ́. A dáhùn pé ibi tí a ti ń rà á láti ọjọ́ pípẹ́ náà ni.

Ó tún béèrè pé, “Kí ni ẹ ṣe sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀?” A ní a kò ṣe nǹkan kan. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Kátíkíìsì, ẹ rò ó dáadáa.” Nígbà náà ni ó wá sí wa lọ́kàn pé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta a ti ní kí àwọn ọmọkùnrin tí ń fọ ọkọ̀ fi omi fọ inú ẹ́ńjìnnì náà kí ó lè máa dán fún ọjọ́ ìkórè. Ojú tì wá díẹ̀. Bàbá náà kò bá wa wí. Ó kàn mi orí, ó sì pe àgbà nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó gbé àpótí irinṣẹ́ wá.

Kí òye iṣẹ́ tí ó ṣe lè yé gbogbo ilé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa ní ìyàrá mẹ́rin tí a ń pè ní sìlíńdà. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, písítìnì ń fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, ó ń fún un pọ̀, iná ń ràn án, èéfín sì ń jáde. Ọ̀nà mẹ́rin yìí ni Nikolaus Otto, ará Jámánì, fi mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní 1876, títí di òní kò sì yí padà nínú ọkọ̀ tí ń jó pẹtiróòlù. Nítorí náà, bí sìlíńdà kan bá kọ̀ láti jó, nǹkan mẹ́rin ni a ó fura sí: epo kò dé, tàbí afẹ́fẹ́ kò bá epo dọ́gba, tàbí ìfúnpọ̀ ti jò, tàbí iná kò ṣẹ́ ní àkókò rẹ̀. Iná náà kì í sì í ṣe ohun kékeré. Bátìrì ní agbára fóltì 12 péré. Kọ́ìlì ni ó ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì kí ó lè fo àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, iná gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ní ìgbà 6,000, èyíinì ni ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Èkínní, bàbá náà wá sìlíńdà tí ó jẹ̀bi. Ó ní kí a tan ọkọ̀ kí ó máa dún jẹ́jẹ́. Ó fi ẹ̀mú tí a fi rọ́bà wé lọ́wọ́ mú wáyà púlọ́ọ̀gì kìíní, ó yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó dá a padà, ó yọ ti èkejì. Ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó yọ ti ẹ̀kẹta. Ohùn ọkọ̀ kò yí padà rárá. Ó wí fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé, “Òṣìṣẹ́ tí kò sí níbi iṣẹ́, a kò lè mọ̀ pé ó lọ sílé.” Ẹ̀kẹta ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán dán èyí wò, nítorí iná náà ń gbé ènìyàn ṣubú.

Èkejì, ó pa ọkọ̀, ó sì yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀kẹta. Ó ní ahọ́n ọkọ̀ ni púlọ́ọ̀gì. Bí dókítà ti ń wo ahọ́n aláìsàn ni mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ wò ó. Bí ó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ bíi bisikíìtì, ara ọkọ̀ yá. Bí ó bá dúdú gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá funfun bí ẹfun, ó ń gbóná jù, epo kò tó. Bí ó bá tutù fún òróró ẹ́ńjìnnì, nígbà náà ni kí a bẹ̀rẹ̀ sí fura sí ríǹgì tàbí fáàfù. Tiwa tutù, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé e sí imú wa, pẹtiróòlù ni. Nítorí náà epo ń dé, a sì dá kábúrétọ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó sun epo ni kò dé.

Ẹ̀kẹta, ó fi púlọ́ọ̀gì èkejì àti ẹ̀kẹta pààrọ̀ ara wọn. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá jẹ́ ti púlọ́ọ̀gì, àìsàn ìbá bá a lọ sí sìlíńdà kejì. Kò lọ. A dá púlọ́ọ̀gì náà sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ó mú gééjì kan jáde láti inú aṣọ mímọ́, ó sì fi wọn ìfúnpọ̀ sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó pè wá kí a wá fi ojú ara wa kà á. Nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó ní bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ púpọ̀, òun ìbá da òróró díẹ̀ sínú rẹ̀ kí òun tún un wọ̀n. Bí nọ́ńbà bá gòkè, ríǹgì ni. Bí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kò dé ibẹ̀. Ríǹgì tí a fẹ́ fi ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pààrọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin òǹkàwé, a fi orí wa lé ọwọ́, a sì dúpẹ́.

Ó ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, ó nù ún gbẹ, kò rí ibi tí ó ti sán. Wáyà ni ó kù. A wò wáyà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ní àbàwọ́n kan lójú wa. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Bàbá náà jókòó tì wá lórí bẹ́ńṣì, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a dúró de òkùnkùn.” A rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Kò pẹ́ ni iná mànàmáná àdúgbò lọ. Gbogbo ọmọdé kígbe “Nẹ́pà!” gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ogún ọdún tí Nẹ́pà ti parẹ́ tí orúkọ mìíràn sì ti rọ́pò rẹ̀. Ọmọṣẹ́ kan fẹ́ tan fóònù rẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀. Bàbá ní, “Má tan nǹkan kan!” Ó tan ọkọ̀ wa, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka bọ omi, ó sì wọ́n ọn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ sórí àwọn wáyà náà. Nígbà náà ni a rí i. Ní ibi tí wáyà ẹ̀kẹta ti fara kan irin, iná kékeré aláwọ̀ búlúù ń fò jáde, ó ń ta ṣáṣá, bí mọ̀nàmọ́ná tí a há mọ́ inú ìgò. Iná tí ó yẹ kí ó dé inú sìlíńdà ti rí ọ̀nà àbùjá sínú irin. Ooru ọ̀pọ̀ ọdún ti la ara wáyà náà ní ìlà tí ojú kò rí ní ọ̀sán; búrọ́ọ̀ṣì àwọn tí ó fọ ọkọ̀ ti tì í mọ́ irin, omi sì ti ṣí ọ̀nà fún iná.

A ti dúró lórí àga ìwàásù ju ìgbà tí a lè kà lọ láti sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà a kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ.

Bàbá náà fi tépù wé ojú ibẹ̀, ó fi rọ́bà táyà àtijọ́ ya wáyà kúrò lára irin, ọkọ̀ sì gbé wa dé ilé. Ní ọjọ́ kejì ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣín, ó ra wáyà tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó wáyà àti owó iṣẹ́ kò pé ọ̀kẹ́ méjì náírà. Ohùn ọkọ̀ padà sí ti àtẹ̀yìnwá, a sì rí i pé epo rẹ̀ ń pẹ́ kí ó tó tán. Èyí kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò, nítorí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, iye owó rẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ; ọkọ̀ tí ó ń míìsì sì ń da lára epo rẹ̀ sí afẹ́fẹ́.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ọkọ̀ tòun jẹ́ tòkunbọ̀ onígbà tuntun, kò ní dísítíríbútọ̀. Òótọ́ ni. Ọkọ̀ irú èyí ní kọ̀ǹpútà nínú, bí a bá sì so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọn, ó lè kọ P0303, tí ó túmọ̀ sí pé sìlíńdà kẹta ń míìsì. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà mọ ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́. Kò mọ ìdí tí kò fi wá. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣẹ́jú níwájú awakọ̀, kí ó dúró, nítorí epo tí kò jó lè ba ohun olówó iyebíye jẹ́ nínú ọ̀nà èéfín.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé olè ni mẹkáníìkì àkọ́kọ́. Ríǹgì tí ó ti jẹ lè fa irú àìsàn kan náà. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó dájọ́ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá sì ni àgbà òṣìkà. Nígbà tí a ń lọ gba ìwé ètò ìsìn wa, a yà kí i, a sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láìbínú. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Bàbá, n kò ní gééjì ni.” Ọ̀rọ̀ náà dùn wá ju gbogbo ohun tí a ti rí lọ, nítorí a kò tíì bi ara wa léèrè ohun tí ó ní lọ́wọ́ àti ohun tí kò ní. A mú un mọ bàbá ti Bárígà, wọ́n sì ti fẹnu kò pé kí ó máa wá yá a.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá inú ilé, bí wọ́n bá ní kí ẹ tú ẹ́ńjìnnì yín palẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè mẹ́ta: sìlíńdà wo ni? Báwo ni púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti rí? Èló ni gééjì kà? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ má tíì ṣí àpò.

Ní Ọjọ́bọ̀ a san owó ọmọ wa. Nígbà tí ó tó àkókò, ọkọ̀ náà ni ó gbé òun àti àpótí rẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọ̀nà kò fo ẹyọ kan.